Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣe Ààrò Mi Lọ́ṣọ̀ọ́ ní Dagenham

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, bí obìnrin méjì bá pàdé lójú ọ̀nà odò, wọn a kí ara wọn kú ọjọ́ mẹ́ta, wọn a béèrè ọmọ, wọn a béèrè ọkọ, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan á wá béèrè pé, “Ààrò ńkọ́?” Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi ìka kan tan iná gáàsì lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín ẹ̀rín yín tán ná, kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Gàrí ni wọ́n ń dín nílé wa. Ìyá tó bí ìyá mi àgbà dín in, ìyá mi àgbà náà dín in, obìnrin tí ààrò rẹ̀ bá sì ti wó, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló wó yẹn.

Ààrò tí mò ń wí yìí kì í ṣe òkúta mẹ́ta tí wọ́n ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga tó ìbàdí àgbàlagbà, ó ní ẹnu níwájú tí a ń ki igi bọ̀, agbada irin ńlá sì wà lórí rẹ̀. Ìgbà òjò ni àsìkò iṣẹ́. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí ilẹ̀ le, pákí kì í ṣe é hú mọ́, gbogbo ààrò abúlé á sì dákẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀lẹ á fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí adìẹ máa yé sí i, kí ewúrẹ́ máa sùn nínú eérú rẹ̀, ọyẹ́ á sì là á lára yánnayànna. Ìyá mi àgbà kò jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbà tí ààrò kò ṣiṣẹ́ gan-an ló yẹ kí èèyàn tọ́jú rẹ̀, torí ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, iná ló ń tọ́jú rẹ̀.

Á kó eérú inú rẹ̀ tán pátápátá. Á gbé agbada sọ̀kalẹ̀, á fi epo pupa ra á tinú-tẹ̀yìn kí ó má baà dípẹtà, á sì dojú rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ni á po amọ̀ mọ́ eérú, á fi dí gbogbo ibi tó bá ti là, á fi òkúta odò tó ń dán ra á títí ara rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀. Tó bá gbẹ, á fi omi aró kùn ún, ààrò náà á dúdú mìnìjọ̀. Nígbà náà ni á pè mí pé kí n wá fi ìka tẹ ẹfun sí i lára, funfun tótòtó lórí dúdú, yí ẹnu rẹ̀ ká. Àwọn tó ń lọ sódò a máa yà wá wò ó. Ìyá mi àgbà á ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, ṣùgbọ́n á ti wọ bùbá tó dáa.

Síbẹ̀, obìnrin kan kì í dá ààrò ṣe. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí iṣẹ́ ńlá bá kù lára ààrò, àáró ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbọ́ ọ rí. Àáró ni pé kí gbogbo yín kóra jọ ṣe iṣẹ́ tèmi lónìí, kí gbogbo wa ṣe tìrẹ lọ́la, kí ó máa yí kiri títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, wọn kì í bú u. Tó bá kan tirẹ̀, wọn kàn kì í lọ ni. Nítorí náà, ní etí èmi ọmọdé, ààrò àti àáró kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìgbà tí mo dé ilé ìwé ni tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmì ohùn là wọ́n níjà fún mi.

Ó ti pẹ́. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo bá ọkọ mi wá sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù yìí, mo ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì ọsibítù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọkọ mi lọ sinmi, ọmọ mi obìnrin ní òun kò ní jẹ́ kí n dá gbé, ó sì mú mi wá sí ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Goresbrook, níhìn-ín ní Dagenham. Ẹni tó ta ilé náà fi sítóòfù onígi kan sílẹ̀ ní pálọ̀. Irin dúdú ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrú, páìpù rẹ̀ sì gba inú ògiri lọ sókè. Irú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ni, igi tó gbẹ dáadáa nìkan la sì ń fi sí i, kí ẹ má baà rò pé mò ń fi èéfín pa aládùúgbò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dúró níwájú rẹ̀. Ọmọ mi ní, “Mummy, kí lẹ ń wò?” Mo ní ààrò ni mò ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ààrò yẹn jẹ́ fún mi. Kíṣìnì ilé náà, ti ọmọ mi ni. Mo ń se oúnjẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ṣíbí síbi tí kò yẹ, wọn a gbé e padà síbi tó yẹ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Yàrá tí mò ń sùn, yàrá àlejò ni kí n tó dé. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù, èmi ni mò ń dáná sí sítóòfù náà ní ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mò ń to igi, èmi ni mo mọ ìgbà tí a ó ṣí afẹ́fẹ́ rẹ̀ àti ìgbà tí a ó dín in kù. Tí iná bá ti ràn, àwọn ọmọ-ọmọ mi á gbé fóònù wọn sílẹ̀, ọkọ ọmọ mi á bọ́ bàtà, á nasẹ̀, wọ́n á ní kí n pàlọ́. Ìdí ààrò yẹn ni mo ti ń jẹ́ ìyá nínú ilé náà. Níbi tó kù, àlejò tí wọ́n fẹ́ràn ni mí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí a kò dáná mọ́, ọkọ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo sítóòfù náà ní ìwòkuwò. Ọmọ Èkìtì ni, èèyàn rere ni, kò sígbà kan tó rí mi fín. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣe é nílé lọ́pọ̀ ọjọ́, orí tábìlì ìjẹun ló ti ń ṣe é, àwọn ọmọ ń da tíì sí ìwé rẹ̀. Ó ń wá ibi tí yóò gbé tábìlì sí. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́ fún mi, torí ó ní ẹ̀kọ́.

Ó ní, “Mummy, ẹ má bínú. Six months nínú ọdún, it's just sitting there. Ó kàn ń gba space ni. Mo ti rí ẹnì kan online tó fẹ́ rà á.”

Ẹ bá mi wò ó. Àna ni, mi ò lè bá a jà, ilé rẹ̀ sì ni. Ọmọ mi ń wo àjà bí ẹni tó ń ka aláǹtakùn. Kò fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú wa. Mo ní, “Dádì wọn, ẹ fún mi láyè kí n tọ́jú ẹ̀ ná. Tó bá di ìgbà ìwọ́wé tí kò bá wù yín wò, ẹ gbé e.” Ó gbà. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti jàre, torí ta ni yóò kọ́ ọmọ-ọmọ ìyá mi àgbà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ààrò?

Mo kó eérú rẹ̀ tán, mo dà á sí ìdí òdòdó lẹ́yìnkùlé. Mo nu gíláàsì ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo lọ sí ọjà Heathway, mo ra epo pupa kan tó pọ́n rokoṣo, mo mú aṣọ tó ti gbó, mo sì fi epo náà ra sítóòfù tinú-tẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó dán. Ó dán débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń fẹ́ ara mi ní abẹ̀bẹ̀, mo ń retí ìyìn.

Oòrùn ọdún náà kò ṣe é fẹnu sọ. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó mú irin náà, epo bẹ̀rẹ̀ sí í sun lára rẹ̀ wá sórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Gbogbo ilé ń rùn bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ tí kò sí ọbẹ̀. Eṣinṣin gbọ́, wọ́n sì wá. Ọ̀rẹ́ ọmọ-ọmọ mi kan tó yà wá kí i béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni a fẹ́ jẹ. Ohun tí mo gbàgbé ni pé inú ahéré ni agbada ìyá mi àgbà wà, kì í ṣe pálọ̀, orí ilẹ̀pẹ̀ ni epo rẹ̀ ń kán sí.

Ọkọ ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó wo ilẹ̀, ó wo irin, ó wò mí. Kò bínú. Ìbá ṣe pé ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ńṣe ló kúnlẹ̀, ó mú tíṣù, ó ń fà á lára kápẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Mummy, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má ṣe wàhálà mọ́. Mo ti call ọkùnrin yẹn. Saturday tó ń bọ̀ yìí ló ń bọ̀ wá gbé e.”

Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, omi sì bọ́ lójú mi. Èmi àgbàlagbà, mò ń sunkún nítorí irin. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe irin ni mò ń sunkún sí. Mo sunkún tán, mo nu ojú, mo sì sọ fún ara mi pé n kò tíì kú. Kí Sátidé tó kọjá, n ó fọ epo yẹn kúrò, n ó kun sítóòfù náà, n ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé e, kó gbé e lójú mi pẹ̀lú ẹwà rẹ̀.

Aládùúrà ni wá. Kò sí ọ̀ràn tó kéré jù tí a kì í gbàdúrà sí. Ni mo bá mú fóònù mi, mo kọ̀wé sí gúrúùpù àwọn ìyá ìjọ wa pé, “Satide yii ni mo fe se aaro mi. E fi adura ti mi leyin o.” Bí ẹ ṣe rí i yẹn ni mo ṣe kọ ọ́. Fóònù mi lè ní àmì ohùn, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi kò mọ ibi tó wà. Àmín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn kan fi àwòrán ọwọ́ tó ń gbàdúrà ránṣẹ́. Ìyá Ìjọ wa, ìyá àgbà ọmọ Ẹ̀gbá kan tó dàgbà jù mí lọ, béèrè pé ìgbà wo ni. Mo rò pé ó fẹ́ mọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo sì dá a lóhùn pé, “Aaro ni.” Mo gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ ọmọ mi mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo pọn omi gbígbóná, mo bu ọṣẹ sí i, mo wà lórí eékún níwájú sítóòfù nígbà tí agogo ẹnu ọ̀nà dún. Mo ṣílẹ̀kùn. Àwọn ìyá ìjọ ló kún ojú títì. Wọ́n ró ìró mọ́ àyà, wọ́n wé gèlè iṣẹ́, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n mú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n mú ìgbálẹ̀, ẹnì kan gbé kúlà oúnjẹ. Lẹ́yìn wọn ni bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa dúró, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò nígbà tí Dagenham ṣì ń ṣe mọ́tò, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Ìyá Ìjọ ní, “Màmá, a ti dé o. Àáró yín la wá ṣe. Níbo lẹ ti fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀?”

Ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ oorun, ó ní, “Mummy, what is going on?” Èmi náà kò mọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí Ìyá Ìjọ ṣàlàyé ni mo tó lóye. Ó ní nígbà tí òun ka ọ̀rọ̀ mi, òun rò pé mo ń pe àáró ni, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Àwọn ọmọdé inú gúrúùpù kò mọ ohun tó ń jẹ́ àáró, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àwọn tí a bí síhìn-ín, òun sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ṣàlàyé fún wọn pé màmá tó wá wẹ ọmọ fún ọ nígbà tí o bímọ tí o kò ní ìyá nítòsí, màmá tó se ọbẹ̀ ata fún ọ, tó fi omi gbígbóná jó ọ níkùn, ó ti ń pè ọ́ báyìí. Ó ti kan tirẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò kà á sí àáró láé. Ọmọ ni a bí, ìyá ọmọ kò ní ẹnì kankan, èmi kò níṣẹ́ mọ́, mo ní ọwọ́. Mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, mo ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀, ó parí. N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kà á. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì mí, inú mi ń dùn, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, mo ní ààrò ni mo kọ, kì í ṣe àáró, kò sí oko níbí, kò sí ilé tí mo fẹ́ kọ́, irin kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ tí wọ́n sì ń bọ̀ wá gbé lónìí. Ìyá Ìjọ wò mí, ó wo sítóòfù, ẹ̀rín sì pa á débi pé ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí ó rí èémí mí, ó ní, “A ti wọ ìbọ̀wọ́ ná. A ò ní bọ́ ọ.”

Wọ́n ya wọlé. Ọmọ mi bá wọn tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àlòkù sílẹ̀. Wọ́n fọ epo náà kúrò lára irin títí omi fi mọ́. Bàbá onímọ́tò tú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi okùn tó yí ẹnu rẹ̀ ká hàn wá, ó ti jẹ tán, ó ní ibẹ̀ ni ooru ti ń sá lọ. Ẹnì kan sáré lọ ra tuntun, ó sì ra pólíṣì dúdú tí wọ́n ṣe fún irin sítóòfù mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú páìpù, ìtẹ́ ẹyẹ bọ́ sílẹ̀ gbì, gbogbo wa fò sẹ́yìn. Ẹ rí i pé ìyá mi àgbà kò purọ́. Bí a bá dáná sí i bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù, èéfín ni ì bá lé wa jáde nílé.

Àríyànjiyàn kan ṣoṣo ló wà, ó sì dá lórí àbẹ́là. Ẹnì kan sọ pé àwọn òyìnbó máa ń to àbẹ́là sínú sítóòfù tí wọ́n kò bá dáná sí i, ó sì fa díẹ̀ yọ nínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ìyá Ìjọ ní kó yára dá a padà, àbẹ́là àdúrà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ọ̀kan ní ohun ọ̀ṣọ́ kọ́, ṣé àdúrà kọ́ la tún wá gbà níbí ni? Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, ìgbẹ̀yìn ni ọmọ mi lọ mú àbẹ́là olóòórùn dídùn tirẹ̀ wá láti bálùwẹ̀, ó tò wọ́n sínú rẹ̀, ìjà parí. Wọ́n to igi funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi òdòdó gbígbẹ sórí rẹ̀. Sítóòfù náà dúdú mìnìjọ̀. Ó ku òkúta pẹlẹbẹ tó jókòó lé. Mo po ẹfun pẹ̀lú omi nínú àwo tíì, mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí etí òkúta náà. Mo ní kí oníkálukú wọn wá tẹ ìka tirẹ̀. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka ńlá, ìka kékeré, títí ó fi yí òkúta náà ká.

Àsìkò náà ni ọkọ ọmọ mi wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, òyìnbó tó fẹ́ ra sítóòfù sì ń tẹ̀ lé e, ó ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ síwájú ilé. Ilé kún. Òyìnbó náà kí wa, ó wo sítóòfù, ó sì súfèé. Ó ní, “Oh, that's lovely. It didn't look like that in the picture. I'll give you more for it.”

Ilé ọkọ ọmọ mi ni, irin rẹ̀ ni, tábìlì ló ń wá ibi gbé sí. Gbogbo wa ń wò ó, ó sì mọ̀ pé a ń wò ó. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó pọn ọmọ ló sún mọ́ ọn, ọ̀kan nínú àwọn tó dé kẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mummy ló wẹ baby yìí fún mi títí ìwọ́ ẹ̀ fi já. Mi ò ní anybody níbí nígbà yẹn. A ò mọ ohun tá a tún lè ṣe fún wọn.”

Ọkọ ọmọ mi wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo àwọn ìka funfun lára òkúta. Ó yíjú sí òyìnbó náà, ó ní, “I'm sorry, sir. It's not for sale. It's my mum's.”

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kò pè mí ní ìyá ìyàwó rẹ̀. Òyìnbó náà mirí, ó ní ó yé òun, a fún un ní móínmóín, ó gbà á, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọkọ ọmọ mi yípadà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. Mo ní kó dìde kíákíá, epo ṣì wà lára kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n dá orin ìjọ, bàbá onímọ́tò ń fi sípánà lu bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì jó, ẹ̀yin ọmọ, mo jó débi tí eékún mi rántí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí òtútù dé tí mo kọ́kọ́ dáná, iná náà mú lẹ́ẹ̀kan, èéfín gba òkè lọ tààrà, kò sí ìkankan nínú pálọ̀.

Ayé ti yí padà, mo mọ̀. Láyé ìgbà tèmi, ebi ló ń lé wa pọ̀. Ẹni tí kò bá lọ sí àáró ẹlòmíràn, ààrò rẹ̀ á wó, á sì jókòó tì í. Níhìn-ín, kò sí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ kì í jinná nítorí pé n kò wá. Èèyàn lè gbé ẹ̀gbẹ́ ẹnì kan fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ ohùn rẹ̀. Mo ti máa ń rò pé abúlé wa ni mo ti fi àáró sílẹ̀, mo sì ń dárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni gúrúùpù wa ti ń béèrè pé ta ló kàn. A ti lọ sí Chadwell Heath lọ kun yàrá fún nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. A ti tún ọgbà Ìyá Ìjọ ṣe. Ìran tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà rárá ló ń pè é ní àáró báyìí, wọ́n ń pè é pẹ̀lú ohùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Sátidé tó ń bọ̀, ọkọ ọmọ mi ló kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí gúrúùpù, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, pé òun fẹ́ kọ́ ilé pákó kékeré sẹ́yìnkùlé, ibi tí òun yóò gbé tábìlì òun sí. Bàbá onímọ́tò ti wọn ilẹ̀. Ọmọ mi ní kí n jókòó, ó ní àgbà kì í gbé pákó. Mo ní tó bá jẹ́ ti àáró, mo ti jẹ ẹ́, n ó sì san án. Èmi ni n ó kọ́kọ́ débẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí láti ẹ̀gbẹ́ ààrò mi sí ẹ̀yìnkùlé, kò jìnnà rárá.